Ilé Tí O Kò Dé

Mọ́rẹ̀nikẹ́, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo yín wà bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Mo ní orí ń fọ́ mi ni mo fi dúró sílé. Orí náà ń fọ́ mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò le tó bí mo ṣe sọ ọ́. Mo kàn fẹ́ kí ilé dákẹ́ ni, kí n lè ráyè bá ọ sọ̀rọ̀. Tí o bá padà dé ilé ọ̀rẹ́ rẹ ní Wuse, níbi tí o ń sùn nítorí iṣẹ́, ní ìrọ̀lẹ́ òní, wàá rí lẹ́tà yìí lábẹ́ ike ọbẹ̀ tí mo dì fún ọ. Kọ́kọ́ jẹun kí o tó kà á.

Wàá máa rò ó pé kí ló dé tí màmá mi kò fi sọ ọ́ fún mi lójúkojú. Mo mọ̀ wá. Tí mo bá sọ ọ́ lẹ́nu, Gẹ̀ẹ́sì ni wàá fi dá mi lóhùn, èmi náà á bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, dádì rẹ á sì ní kí a rọra torí òun ń gbọ́ ìròyìn. Nínú ìwé, èmi nìkan ni mo ń sọ̀rọ̀. O ń gbọ́ Yorùbá ju bí o ṣe ń sọ ọ́ lọ, nítorí náà mo fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ kí kíkà rẹ̀ má baà nira fún ọ. Tí ibì kan bá ṣòro, kà á sókè, etí rẹ á mọ̀ ọ́n.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé inú mi dùn sí ọ. Lọ́jọ́ tí o ní báǹkì kan ti gbà ọ́ fún iṣẹ́ àìtí tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe lásìkò ọlidé gígùn, mo fò sókè nínú kíṣìnì títí ọbẹ̀ fi gbẹ mọ́ ìkòkò. Nígbà tí o wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti bàtà gogoro tí o kò lè fi rìn dé géètì, mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí o jáde tán, mo sunkún ayọ̀. Mo ti sọ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ mi ti ríṣẹ́ báǹkì. Wọ́n ní àìtí lásán kọ́ ni? Mo ní kí wọ́n ṣáà máa wò ó.

Ọ̀rọ̀ àná ni mo fẹ́ sọ.

Lánàá, nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán, o sọ ìtàn kan fún wa láti ibi iṣẹ́ rẹ. O ní wọ́n kó fọ́ọ̀mù márùn-ún fún ìwọ àti Fẹ́mi, ọ̀gá kékeré tó ń kọ́ ọ níṣẹ́. O ní tí ènìyàn bá fẹ́ ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ yín, ẹnì kan láti báǹkì gbọ́dọ̀ dé ilé rẹ̀, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ibi tí onítọ̀hún ní òun ń gbé ló ń gbé, kó kọ ohun tó rí, kó sì buwọ́ lù ú. Ẹ lọ sí ilé méjì níhìn-ín ní Dutse Alhaji. Ẹ gun òkè Mpape nínú oòrùn, ẹ wá ilé méjì láàárín àwọn tó ń fọ́ òkúta, títí eruku fi bo bàtà yín. Ó wá ku ilé kan ní Ushafa, ilé ìyá kan tó ń mọ ìkòkò. Fẹ́mi ní ó ti rẹ òun. Ó ní kò sí nọ́ńbà lára ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀, ẹ ó kàn máa rìn káàkiri lásán ni. Ẹ jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta mínírà tútù, ó ní kí o kọ ọ́ pé ẹ dé Ushafa, ẹ kò rí ilé kankan tó jọ bẹ́ẹ̀. O kọ ọ́. O buwọ́ lù ú. Orúkọ tìrẹ ló wà níbẹ̀, kò sí ti Fẹ́mi.

Nítorí ohun tí o kọ, báǹkì kò ṣí àkáǹtì fún ìyá náà. Màmá Làràbá lo pe orúkọ rẹ̀. O ní ó ti wá sí báǹkì lẹ́ẹ̀mejì, pé amọ̀ ṣì wà nínú èékánná rẹ̀, pé ó dúró níbi káńtà tó ń bá wọn jiyàn. Ibẹ̀ lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. O dìde lórí àga, o ń fi ọwọ́ ṣe bó ṣe ń ṣe.

“Mummy, ẹ ò bá rí i! Ó kàn ń shout ni, ‘Kai! Ilé mi wà níbẹ̀! Wallahi, ilé mi wà níbẹ̀!’ Everybody kàn ń wò ó.”

Àbúrò rẹ rẹ́rìn-ín. Dádì rẹ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi gbé àwo mi wọ kíṣìnì, ẹ rò pé mo ti yó.

O tún wá bá mi níbẹ̀, o ń nu àwo, o sì ń sọ èyí tó kù bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan. O ní ìyá náà sọ fún yín pé ilé-ìwé kan fẹ́ ra ìkòkò tó pọ̀ gan-an lọ́wọ́ òun, wọn kò sì lè sanwó àfi sínú àkáǹtì tó ní orúkọ òun. Wọ́n á dúró dè é títí oṣù yìí á fi parí, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ wá ẹlòmíràn. Mo bi ọ́ pé, ṣé ẹ kò lè padà lọ síbẹ̀ ni? O rántí ohun tí o fi dá mi lóhùn?

“Mummy, it's just a form now. Ṣé èmi ni mo ni báǹkì ni?”

Mo bá fífọ àwo lọ. Kì í ṣe ìwọ nìkan ni inú ń bí mi sí, Mọ́rẹ̀nikẹ́. Màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Títí di àárọ̀ yìí, kò sí ẹni tí mo sọ ọ́ fún rí.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba ní Abuja, n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Adó-Èkìtì ni mo ti wá, n kò gbọ́ Haúsá ju sànnu àti yauwa lọ, gbogbo ènìyàn inú ọ́fíìsì ló sì ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n fi mí sábẹ́ ọ̀gá kan tó fẹ́ràn mi. “Ọmọ mi” ló máa ń pè mí. Tó bá ra ẹ̀pà, á bù fún mi. Iṣẹ́ wa ni láti máa lọ sí àwọn abúlé tí ìjọba ti gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, èyí tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ tẹ̀ kí omi lè jáde, kí a wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ti bàjẹ́, kí wọ́n lè mọ èyí tí wọ́n á tún ṣe.

Lọ́jọ́ kan, a ti lọ sí abúlé mẹ́ta lójú ọ̀nà Bwari, ó ku ẹyọ kan. Òjò ti rọ̀. Ọ̀nà tó wọ abúlé náà ti di ẹrẹ̀, dírẹ́bà sì ní mọ́tò òun á rì, àfi kí a fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ọ̀gá mi wo bàtà ẹsẹ̀ mi, bàtà aláwọ tuntun tí mo fi owó oṣù mi àkọ́kọ́ rà. Ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ ba bàtà ẹlẹ́wà yìí jẹ́ ni? Kọ ọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́, jẹ́ ká máa lọ sílé.”

Ká sọ òótọ́, inú mi dùn. Mo fi fọ́ọ̀mù lé itan nínú mọ́tò, mo kọ ọ́ pé a dé ibẹ̀, pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo buwọ́ lù ú. Ọ̀gá mi kò fi ọwọ́ kan bírò. Kí ilẹ̀ tó ṣú mo ti délé, mo ti gbàgbé.

Ó lé ní ọdún kan kí bàbá kan tó wọlé wá bá wa ní ọ́fíìsì. Àgbàlagbà ni, ó ju dádì mi lọ lọ́jọ́ orí. Ó di ìwé kan sínú ọ̀rá kí òjò má baà pa á. N kò gbọ́ ohun tó ń sọ, ẹnì kan nínú wa ló ń túmọ̀ fún mi. Ó ní láti abúlé báyìí báyìí ni òun ti wá. Ó ní kànga ẹlẹ́rọ tí ìjọba gbẹ́ fún àwọn kò ṣiṣẹ́ ju oṣù mélòó kan lọ tó fi bàjẹ́, pé gbogbo ibi tí òun bá ti lọ kẹ́jọ́ rò, wọ́n á ní ìwé wà nílẹ̀ pé ẹ̀rọ àwọn dára. Ó ní òun kò wá jà. Òun kàn fẹ́ rí ìwé náà, kí òun mọ ẹni tó rí i pé ó dára.

Mo ṣí àpótí fáìlì. Kò pẹ́ tí mo fi rí i. Ọwọ́ mi nìyẹn, orúkọ mi nìyẹn, ó hàn kedere. Mo ti fáìlì náà padà, mo sì ní kí wọ́n sọ fún bàbá pé a kò tíì rí i, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bàbá yẹn tẹrí ba fún mi, èmi tó lè bí. “Yauwa, na gode, madam.” Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó fi ọ̀rá rẹ̀ há abíyá, ó jáde. Kò padà wá mọ́ títí dòní, n kò sì wá a lọ.

Ẹnikẹ́ni kò mú mi. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá mi fẹ̀yìn tì, ó kú, mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo sì sunkún torí pé ènìyàn rere ni sí mi. Gbogbo ìgbà tí dádì rẹ bá ń wa mọ́tò gba ọ̀nà Bwari lọ, tí ẹ̀yin ọmọ ń pariwo lẹ́yìn, ojú fèrèsé kejì ni mo máa ń kọ sí tí a bá dé ẹnu ọ̀nà abúlé náà. Ẹ máa ń bi mí pé kí ni mò ń wò.

Ọjọ́ ẹrẹ̀ yẹn kọ́ ló ń dùn mí jù. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn, mo sì ya ọ̀lẹ. Ọjọ́ tí bàbá yẹn dúró síwájú mi ló ń dùn mí. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo máa sọ kò ju pé “n kò dé ibẹ̀” lọ, wọ́n ì bá tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìwọ wà báyìí, ọmọ mi. Màmá Làràbá ti wá dúró síwájú rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù kò tíì parí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe.

Lọ́la, ọjọ́ Ajé, kí báǹkì tó kún, lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka yín. O sọ fún wa pé orúkọ rẹ̀ gan-an ni gbogbo yín fi ń pè é, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ní báǹkì. Ó dáa, tiwọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́la, kúnlẹ̀ nínú ọkàn rẹ kí o tó la ẹnu. Sọ fún un pé, “N kò dé Ushafa.” Fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Má fi oòrùn bẹ̀rẹ̀, má fi òkè Mpape bẹ̀rẹ̀, má fi pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́ dáadáa. Nígbà tí o fọ́ àwo àlejò mi, o sọ̀rọ̀ ológbò ilé kejì fún odidi ìdajì wákàtí kí a tó dé orí àwo. Lọ́la, kọ́kọ́ dé orí àwo.

Ti Fẹ́mi ńkọ́? Kí o tó wọlé lọ bá ọ̀gá, sọ fún Fẹ́mi pé o fẹ́ lọ sọ ọ́. Má jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Inú á bí i, ó lè bẹ̀ ọ́, ó sì lè bú ọ. Má bú u padà. Tí ọ̀gá bá bi ọ́ pé ta ló ní kí o kọ ọ́, má purọ́ torí Fẹ́mi. Ṣùgbọ́n má gbé ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ lé e lórí. Ìwọ lo mú bírò.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti sọ pé rárá fún ẹni tó ń ṣe ọ́ lóore. Láti ọjọ́ tí o ti débẹ̀ ni Fẹ́mi ti ń ra mínírà fún ọ, tó ń kọ́ ọ ní ohun tí ilé-ìwé kò kọ́ ọ. Ọ̀gá tèmi náà nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀pà rẹ̀. Nínú ohun tí mo ṣe sí ọ, ibí yìí ni mo ti jẹ̀bi. Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún ọ pé kí o má yájú sí àgbà, tí wọ́n bá ti rán ọ níṣẹ́, kí o jẹ́ ẹ. Ìyá tèmi náà ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò kọ́ mi, tí èmi náà kò sì kọ́ ọ, ni pé o lè wà lórí ìkúnlẹ̀ kí o sì sọ pé, “Ẹ má bínú sà, n kò lè kọ ohun tí n kò rí.” Kò sí àfojúdi kankan nínú rẹ̀. Mo ń kọ́ ọ báyìí. Ó ti pẹ́, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ọ̀gá yín náà wà ńlẹ̀. O ní ó ti ṣèlérí pé tí o bá parí lọ́jọ́ Ẹtì yìí, òun á kọ lẹ́tà tí á jẹ́ kí wọ́n gbà ọ́ padà lẹ́yìn tí o bá jáde ilé-ìwé. N kò ní tàn ọ́, Àbẹ̀kẹ́. Ó ṣeé ṣe kó má kọ ọ́ mọ́. Wọ́n lè ní kí o máa lọ sílé kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Àwọn kan á sọ fún ọ pé Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù rọ́pò rẹ̀, èmi náà á gbàdúrà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe, n kò sì fẹ́ kí o lọ torí èrè. Ẹ̀rù ń bà mí pẹ̀lú. Ojú á tì mí níwájú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa. Jẹ́ kó tì mí. Tí wọ́n bá lé ọ, wá sílé tààrà, má jókòó síbì kankan láti sunkún. Màá ti tẹ ẹ̀bà.

Lẹ́yìn náà, bẹ ọ̀gá pé kó jẹ́ kí o lọ sí Ushafa. Tó bá gbà, lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí o béèrè ilé Màmá Làràbá lọ́wọ́ ẹni tí o bá kọ́kọ́ rí. Ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Ushafa, ta ni kò ní mọ̀ ọ́n? Bóyá kò ní gbà yín tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti rí ilé tí ẹ ní kò sí. Tí ọ̀gá kò bá gbà, a ó jọ lọ lọ́jọ́ Sátidé, ìwọ àti èmi. Kúnlẹ̀ fún ìyá náà. Má mú búrẹ́dì tàbí nǹkan mìíràn dání bí ẹni tó fẹ́ ra ìdáríjì. Tó bá fún ọ ní àga, jókòó. Tí inú bá bí i, jẹ́ kó bínú títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Sọ fún un pé ìwọ lo kọ ọ́. Kò mọ̀ pé o fi òun ṣe ẹ̀rín fún wa nídìí oúnjẹ, n kò sì ní kí o sọ ìyẹn fún un, ṣùgbọ́n má gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju fọ́ọ̀mù lọ. Ìyá àgbà kan dúró láàárín àwọn tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà pé òun ní ilé, ọmọ mi sì ń rẹ́rìn-ín.

Bàtà gogoro yẹn, jọ̀wọ́, fi í sílẹ̀ lọ́la. Mo ti fi pẹlẹbẹ dúdú rẹ sínú àpò, ó wà lábẹ́ aṣọ.

Ó ku ohun kan. Kí ẹ tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí, mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo sọ ọ̀rọ̀ kànga yẹn fún dádì rẹ. Ọdún mẹ́tàlélógún ni a ti fẹ́ ara wa, kò sì gbọ́ ọ rí. Mo rò pé á bínú, tàbí kó ní ó ti pẹ́, kí n gbàgbé rẹ̀. Táì ló ń so lọ́wọ́. Ó dá ọwọ́ dúró, ó wá bi mí pé:

“Láti ìgbà yẹn, omi wo ni wọ́n wá ń mu?”

Ó lé ní ọdún mẹ́rìnlélógún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Mo ti ronú nípa orúkọ mi, mo ti ronú nípa fáìlì yẹn, mo ti ronú nípa bí bàbá yẹn ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. N kò ronú kan omi wọn rí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, n kò ní lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀nà Bwari ni mò ń lọ. Bàbá yẹn lè ti kú, ó sì lè jẹ́ pé kò sí ẹni tó rántí. Màá sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà abúlé náà, màá fi ẹsẹ̀ rìn wọlé, màá sì béèrè.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ojú ń tì, tó sì fẹ́ràn rẹ gidigidi.